Díráífà Tí Ọkọ Mi Rà

Ọdún mọ́kànlá ni mo fi wa ọkọ̀ lọ mú ìdérí bọ́kẹ́ẹ̀tì lórí omi. Bí ẹnikẹ́ni bá bi mí pé iṣẹ́ wo ni mo bá ọkọ mi ṣe, iṣẹ́ tí mo lè tọ́ka sí nìyẹn. Edé ni mò ń tà, mo ń yan ẹja, ẹnu mi sì mú, gbogbo Molutẹ̀hìn, ìlú wa, ló mọ̀. Ṣùgbọ́n láràárọ̀, kí n tó dáná, nígbà mìíràn kí n tó bọ́jú dáadáa, Ìsìmáílà ọkọ mi á ti dúró sórí afárá pákó iwájú ilé wa, á ti ju ìdérí kan sí ojú odò, ìdérí náà á ti já sáàárín omi, á sì ti máa pè mí.

"Bàdírá, ó tún ti já o."

Èmi á bú u. Mo máa ń bú u kí n tó wọ ọkọ̀, mo máa ń bú u bí mo ṣe ń wà á lọ. Ìdérí náà á ti léfòó dúró dè mí jẹ́jẹ́, n ó mú un, n ó gbé e padà fún un, n ó ní, "Onídérí, gba ọmọ rẹ." Orúkọ tí gbogbo ìlú ń pè é nìyẹn, Onídérí. Àwa méjèèjì kò bímọ. Mo lè sọ ọ́ báyìí láìfi pa mọ́, kò dùn mí mọ́ bó ṣe ń dùn mí tẹ́lẹ̀, nítorí ohun mìíràn ti wá gba àyè rẹ̀.

Kì í ṣe pé orí ọkọ mi kò pé. Kí ó tó fẹ́ mi, ó ṣiṣẹ́ ní Èkó, ó ń gé koríko ní ilé ìwé àwọn ọmọ olówó kan. Tísà òyìnbó kan wà níbẹ̀ tó ń kọ́ àwọn ọmọ ní eré kan tí wọ́n ti ń ju àwo pẹlẹbẹ sínú agbọ̀n onírin. Góọ̀fù ni wọ́n ń pè é, ṣùgbọ́n kò sí bọ́ọ̀lù níbẹ̀, kò sí ọ̀pá. Àwo nìkan ni. Ẹni tí ìjù rẹ̀ bá kéré jù kí àwo rẹ̀ tó wọ agbọ̀n ló borí. Ìsìmáílà àti Godspower, ọmọ Awoye tí wọ́n jọ ń gé koríko, máa ń dúró lẹ́yìn tí àwọn ọmọ bá ti lọ sílé, wọ́n á máa jù ú títí ilẹ̀ á fi ṣú. Nígbà tí ó padà wálé wá fẹ́ mi, eré yẹn ti wọ̀ ọ́ lẹ́jẹ̀, ṣùgbọ́n kò mú àwo kankan bọ̀. Níbo ni yóò ti rí i ra lọ́dọ̀ wa? Pápá wo ni yóò ti jù ú? Ilé wa wà lórí òpó igi, títì wa jẹ́ pákó, omi ni gbogbo ohun tó kù. Ló bá bẹ̀rẹ̀ sí í ṣa ìdérí bọ́kẹ́ẹ̀tì ọ̀dà kiri.

Ní òdìkejì odò, ọ̀gangan ilé wa, èbúté àtijọ́ kan wà tí ẹnikẹ́ni kì í lò mọ́. Pákó díẹ̀ ló kù níbẹ̀ àti òpó mẹ́ta. Ìsìmáílà so agbọ̀n ẹja kan tó ti ya mọ́ òpó tó wà láàárín. Agbọ̀n yẹn ló fi ọdún mọ́kànlá lé, kò sì bà á rí. Kò tilẹ̀ sún mọ́ ọn. Bó ti wù kó fi agbára jù ú tó, ìdérí á fò dé ìdajì odò, atẹ́gùn òkun á ti abẹ́ gbé e, á yí i dànù, á já. Èmi á sì wọ ọkọ̀.

"Ìdérí kọ́ ni wọ́n ń jù," ló máa ń sọ fún mi. "Díráífà ni wọ́n ń pe èyí tó ń lọ jìnnà. Etí rẹ̀ mú, ó ń la atẹ́gùn kọjá ni, kì í bá a jà. Bí mo bá rí ọ̀kan péré, Bàdírá, o ò ní í wa ọkọ̀ mọ́. Òdìkejì ni wàá dúró sí. Ìwọ lo máa gbá a mú."

"Irọ́ ni," èmi á dáhùn. "Kò sí àwo tó máa sọdá odò yìí. Ọjọ́ tó bá sọdá, n ó jó láti ibí dé Ugbonla."

"O ti sọ ọ́ o. Mo ti gbọ́."

Ó wá bẹ Godspower pé kó bá òun ra ọ̀kan láti òkè òkun. Ó pẹ́. Láti ìgbà yẹn lọ, bí ọkọ̀ bá ti Igbókọ̀dá dé, ọkọ mi á lọ dúró sí èbúté, á máa wo ẹrù ẹlẹ́rù. Mo fi í ṣẹ̀sín títí.

Ohun tí mo fẹ́ sọ yìí, ẹnikẹ́ni kò gbọ́ ọ lẹ́nu mi fún oṣù mẹ́rin àti ọjọ́ mẹ́wàá.

Àárọ̀ Ọjọ́bọ̀ kan ni. Òjò ti ba edé tí mo sá jẹ́ lọ́jọ́ tó ṣáájú, inú ti ń bí mi kí n tó jí. Ìkùukùu bo ojú omi. Ìsìmáílà ju ìdérí funfun kan, ó já, ó pè mí. Nídìí ààrò ni mo wà. Mo ní mi ò lọ. Ó rò pé eré ni mò ń ṣe, ó rẹ́rìn-ín. Ẹ̀rín yẹn ló wá bí mi nínú jù. Mo fi gbogbo ohùn mi kígbe.

"Mo ní mi ò lọ! Ṣé ẹrú ìdérí ni bàbá mi fi mí fún ẹ ṣe ni? Lọ mú un fúnra rẹ!"

Ó wá ní, "Kò burú." Mo gbọ́ bó ṣe ń tú okùn ọkọ̀. N kò wẹ̀yìn wò. Lẹ́yìn náà mo gbọ́ ẹ́ńjìnnì ọkọ̀ kan tó ń sáré bọ̀ láti apá Ugbonla, bí wọ́n ṣe máa ń sáré láàárọ̀ kí èrò lè tètè dé ọjà. Lẹ́yìn náà mo gbọ́ tí pákó ṣẹ́. Ọkọ mi ti na ọwọ́ sí ìdérí, kò gbójú sókè. Ẹni tó ń wa ọkọ̀ ẹ́ńjìnnì náà kò rí i nínú ìkùukùu kó tó kọlù ú.

Wọ́n sin ín kí oòrùn tó wọ̀, bí ẹ̀sìn wa ṣe wí. Nígbà tí wọ́n ń gbé e lọ, ìdérí funfun náà wà lábẹ́ ilé wa, ó ń fi ara gbá òpó. Àwọn ènìyàn ní ìdérí rẹ̀ náà ló pa á. Wọ́n mi orí, wọ́n sunkún. Kò sí ẹnì kan tó rántí béèrè pé kí ló dé tó jẹ́ pé òun fúnra rẹ̀ ló wa ọkọ̀ lọ lọ́jọ́ yẹn. Èmi náà kò rán wọn létí.

Sàlímátù, ẹ̀gbọ́n rẹ̀ obìnrin, kó wá bá mi gbé. Opó gbọ́dọ̀ jókòó sílé fún oṣù mẹ́rin àti ọjọ́ mẹ́wàá, kì í jáde lásán, kì í ṣe ọ̀ṣọ́. Ẹ̀gbọ́n yìí ló tọ́ Ìsìmáílà dàgbà lẹ́yìn tí ìyá wọn kú. Kì í rẹ́rìn-ín, kì í sọ̀rọ̀ púpọ̀, bó bá sì sọ̀rọ̀, bí ẹni ń pàṣẹ ni. Ṣùgbọ́n ó ń bá mi ta edé, ó ń bá mi pọn omi mímu, bí àwọn tó wá kí mi bá fẹ́ jókòó pẹ́ jù, òun ló ń lé wọn lọ. Lọ́jọ́ kan tí n kò lè jẹun, ó fi ọwọ́ ara rẹ̀ gé ẹ̀bà bọ ọbẹ̀, ó fi sí mi lẹ́nu. Gbogbo oore tó ń ṣe fún mi ló ń ta mí lára. Mo ń wò ó, mo ń sọ nínú mi pé, ìbá ṣe pé o mọ̀, o ò ní í bá mi gbé.

Ní oṣù kejì ni ọlọ́kọ̀ kan láti Igbókọ̀dá gbé ẹrù kékeré kan wá. Orúkọ Ìsìmáílà ló wà lára rẹ̀. Ẹ̀gbọ́n gbà á, ó sì gbé e lé mi lẹ́sẹ̀. Àwo pẹlẹbẹ kan ló wà nínú rẹ̀, àwọ̀ ọsàn tó pọ́n, pẹ̀lú ìwé tí Godspower kọ. Ó kọ ọ́ pé, "Ìyàwó wa, ẹ̀gbọ́n mi Ìsìmáílà ti ra èyí kí ọlọ́jọ́ tó dé. Ó ṣẹ̀ṣẹ̀ wọlé ni. Ẹ má bínú pé mo fi ránṣẹ́, n kò mọ ohun tí mo tún lè fi ṣe. Ó ṣèlérí pé òun á sọ bó ṣe rí lọ́wọ́ fún mi, àti bó ṣe ń fò. Bí ẹnì kan bá jù ú lọ́jọ́ kan, ẹ jọ̀ọ́, ẹ sọ fún mi."

Mo ka ìwé náà, mo ká a. Mo gbé àwo náà sórí tábìlì, mo sùn.

Nígbà tí mo jí lọ́jọ́ kejì, mo rí i lórí ìkòkò ọbẹ̀. Ẹ̀gbọ́n ti wá ìdérí títí, kò rí, ó sì fi díráífà ọkọ mi dé ọbẹ̀ ẹja òbòkún. Mo ké bí ẹni tí iná jó. Ẹ̀gbọ́n wò mí, ó ṣí i kúrò, ó fi etí ìró rẹ̀ nu epo ara rẹ̀, abẹ́ àti òkè, ó nù ún títí ó fi ń dán.

"Ọma mi," ó ní, "ṣé òun nìyí? Èyí tó ń lọ dúró dè ní èbúté?"

"Òun ni, Ẹ̀gbọ́n."

Ó jókòó sílẹ̀ lórí pákó, ó gbé e lé itan, ó ń wò ó. Ó pẹ́ kó tó gbé e fún mi. Ọjọ́ yẹn ni mo kọ́kọ́ rí omijé lójú rẹ̀.

Láti ọjọ́ náà ni mo ti bẹ̀rẹ̀ sí í kọ́ bó ṣe rí lọ́wọ́. Opó kì í jáde, ṣùgbọ́n kò sí ẹni tó ní kí opó má mú àwo dání nínú ilé. Ìdérí bọ́kẹ́ẹ̀tì máa ń tẹ̀ bí o bá fún un mọ́wọ́. Èyí kò tẹ̀. Àárín rẹ̀ fúyẹ́, ìwúwo rẹ̀ wà ní etí rẹ̀ yíká, etí náà sì fẹ̀ débi pé ìka mẹ́rẹ̀ẹ̀rin mi ní láti ká wọ abẹ́ rẹ̀ dáadáa, kí àtàǹpàkò sì tẹ̀ ẹ́ mọ́lẹ̀ lókè. Níbi tó ti mú, ó ń jẹ ẹran ìka mi. Lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ díẹ̀, ìka ìfábẹ̀lá mi le níbẹ̀. Inú mi dùn sí líle náà. Ọkọ mi náà ì bá ní in.

Kò kọ́ mi ní jíjù rí, èmi náà kò sì béèrè. Ṣùgbọ́n ẹni tó bá fi ọdún mọ́kànlá wo ènìyàn láti inú ọkọ̀ mọ bó ṣe ń ṣe é. Á fi ẹ̀gbẹ́ ọ̀tún kọjú sí odò, á gbé ẹsẹ̀ ọ̀tún síwájú, á yí ẹ̀yìn pa dà díẹ̀, á na ọwọ́ sẹ́yìn, á wá fà á kọjá níwájú àyà, tààrà, kì í sọ ọ́ sókè. Ní ìparí, ọrùn ọwọ́ nìkan ló ń ṣiṣẹ́. Mo ń ṣe é nínú yàrá, mo ń ṣe é nínú pálọ̀, n kò sì jẹ́ kí ó kúrò lọ́wọ́ mi. Gbogbo ìgbà tí ọwọ́ mi bá dé ìparí ni àwo náà máa ń fà mí, ó fẹ́ lọ, mo sì ní láti dì í mú pẹ̀lú agbára. Ẹ̀gbọ́n á jókòó, á máa ṣa edé, á ní, "Ṣọ́ra fún fìtílà." Ìyẹn nìkan ló ń sọ.

Mo ti pinnu nínú ara mi. Ọjọ́ tí opó mi bá parí, n ó dúró níbi tí Ìsìmáílà máa ń dúró, n ó jù ú. Bó bá sọdá, a jẹ́ pé òótọ́ ló ń sọ láti ọjọ́ yìí, èmi ni mò ń ṣe ẹnu. N ó jó, bí mo ṣe ṣèlérí, lójú gbogbo ayé. Lẹ́yìn ijó náà, n ó jókòó ti Ẹ̀gbọ́n, n ó sọ fún un pé èmi ni mo lé àbúrò rẹ̀ sórí omi. Mo rò pé bí mo bá kọ́kọ́ fi hàn pé ọkọ mi jàre, n ó ní ẹnu láti sọ èyí tó kù. Bí kò bá sọdá ńkọ́? N kò jẹ́ kí ọkàn mi dé ibẹ̀.

Ọjọ́ náà pé. Ẹ̀gbọ́n bu omi fún mi wẹ̀, ó gbé ìró tuntun aláwọ̀ ewé fún mi ró, ó fi òróró díẹ̀ sí mi lórí.

"Ibo lo fẹ́ kọ́kọ́ lọ?" ó bi mí. "Ọjà ni àbí sàréè?"

"Èbúté àtijọ́ ni mo fẹ́ gbé yín lọ, Ẹ̀gbọ́n. Ẹ bá mi dúró síbẹ̀."

"Kí ni èmi àgbà yìí fẹ́ máa ṣe níbẹ̀?"

"Ẹ bá mi gbá a mú, bó bá dé."

Mo rò pé á bú mi. Ó kàn ká etí ìró rẹ̀ sókè, ó wọ ọkọ̀. Mo gbé e sọdá, ó gun orí pákó jíjẹrà yẹn, ó dúró ti òpó tí agbọ̀n wà lára rẹ̀. Agbọ̀n náà ti fẹ́rẹ̀ẹ́ tán, ó ku etí rẹ̀ nìkan. Mo wa ọkọ̀ padà wálé, mo so ó mọ́lẹ̀, mo gun afárá.

Oòrùn ti yọ dáadáa. Atẹ́gùn ń bọ̀ láti apá òkun, kò le. Mo rántí ohun tó máa ń sọ, pé bí díráífà bá ti ń rẹ̀, apá òsì ló máa ń yà sí, nítorí náà kí ènìyàn má kọjú sí ibi tó ń lọ gan-an, kí ó kọjú sí ọ̀tún rẹ̀ díẹ̀. Mo kọjú sí igi ẹ̀gbà tó wà lápá ọ̀tún agbọ̀n. Mo ká ìka mi wọlé. Mo ní, "Bísímílà." Mo fà á kọjá níwájú àyà mi, nígbà tí ó sì fẹ́ lọ, fún ìgbà àkọ́kọ́, n kò dì í mú.

Kò dún bí ìdérí. Ìdérí máa ń pariwo nínú atẹ́gùn. Èyí kàn ṣí kúrò lọ́wọ́ mi, ó ń lọ lókè omi, ó tẹ́ pẹrẹsẹ, pupa lójú oòrùn. Ó lọ, ó lọ. Ó dé ìdajì odò, ibi tí gbogbo ìdérí ọdún mọ́kànlá ti já, kò já. Ó kọjá ibi tí wọ́n ti gbé ọkọ mi jáde nínú omi. Atẹ́gùn gbà á, kò yí i. Mo gbọ́ ohùn ara mi tí mò ń kígbe, "Ó ń lọ! Ìsìmáílà, ó ń lọ!" Ẹsẹ̀ mi ti bẹ̀rẹ̀ ijó kí n tó mọ̀. Lódìkejì, Ẹ̀gbọ́n ti na ọwọ́ méjèèjì síwájú, àgbà obìnrin tí kì í ṣeré.

Ó wá bẹ̀rẹ̀ sí í yà sí òsì bí ọkọ mi ṣe wí. Ó ń yà, ó ń rẹlẹ̀. Ó bọ́ sínú omi ní nǹkan bí gígùn ọkọ̀ méjì sí ẹsẹ̀ Ẹ̀gbọ́n.

"Ó kù díẹ̀!" Ẹ̀gbọ́n kígbe. "Ọma mi, ó kù díẹ̀ báyìí!"

Ẹ gbà mí gbọ́, inú mi kò bàjẹ́. Gígùn ọkọ̀ méjì, kí ni ìyẹn? Èmi tí n kò ju nǹkan kan rí láyé mi! Mo ní n ó mú un, n ó padà wá, n ó tún jù ú, n ó jù ú títí tó fi máa sọdá, bó tilẹ̀ gba gbogbo ọjọ́ náà. Mo sáré sọ̀ kalẹ̀ sínú ọkọ̀. N kò bú ẹnikẹ́ni. Ọdún mọ́kànlá, ìgbà àkọ́kọ́ nìyẹn tí inú mi dùn láti lọ mú un. Mo sọ ọ́ jáde lẹ́nu mi, mo ní, "Mò ń bọ̀ wá mú un, olówó orí mi. Mò ń bọ̀."

Nígbà tí mo dé ibẹ̀, n kò rí nǹkan kan.

"Iwájú rẹ ni," Ẹ̀gbọ́n ní. "Ibẹ̀ yẹn gan-an."

"Kò sí níbẹ̀, Ẹ̀gbọ́n."

"Ibẹ̀ ló já sí. Ojú mi ló ṣe."

Mo rò pé omi ló ti gbé e sísàlẹ̀. Mo wa ọkọ̀ tẹ̀lé omi, mo wo abẹ́ òṣíbàtà, mo wo ìdí igi ẹ̀gbà. Ike ni, mo sì mọ ike. Ike òfìfo la so mọ́ àwọ̀n wa kí ó má bàa rì. Bí kẹ́ẹ̀gì bá bọ́ lọ́wọ́ ẹnì kan ní Awoye, a lè rí i níwájú ilé wa lọ́jọ́ kẹta. Sálúbàtà, ife, ìgò, ìdérí, gbogbo rẹ̀ ló ń léfòó. N kò tíì rí ike tó rì láti ọjọ́ tí wọ́n ti bí mi. Mo padà sí ibi tí Ẹ̀gbọ́n ń tọ́ka sí, mo ki ọ̀pá bọ omi. Kò kan nǹkan kan àfi ẹrẹ̀, ẹrẹ̀ tí ọ̀pá ń wọ̀ lọ láìdúró. Mo dojú bolẹ̀ nínú ọkọ̀, mo ki apá mi bọ̀ ọ́ dé èjìká, mo ń fi ọwọ́ wá a kiri nínú omi.

Lẹ́yìn náà ni mo yọ fóònù láti ìdí ìró mi, mo pe Godspower. N kò tilẹ̀ kí i.

"Àwo tí o fi ránṣẹ́, ṣé kì í léfòó ni?"

"Ìyàwó wa? Ẹ kú àárọ̀. Ṣé ẹ ti jù ú ni?"

"Mo bi ẹ́ ní ìbéèrè, Godspower!"

"Kì í léfòó, mà. Rírì ló máa ń rì."

"Kí ló dé tí o kò kọ ọ́ sínú ìwé? Ojú omi là ń gbé! Ṣé o ò mọ̀ pé ojú omi là ń gbé ni?"

Mo gbọ́ bó ṣe mí kanlẹ̀.

"Mo rò pé ọkọ yín ti sọ fún yín ni. Ó mọ̀. Kí n tó rà á ni mo ti sọ fún un. Mo ní oríṣi kan wà tó ń léfòó, kò lọ jìnnà tó èyí, pé kí n bá a ra ìyẹn. Ó ní rárá. Ó ní èyí tó ń rì lòun fẹ́."

"Èé ṣe?"

"Nítorí yín ni, mà. Ó ní ìyàwó òun ti wa ọkọ̀ tó. Ó ní bí òun bá ní èyí tó ń léfòó, òun á tún máa pè yín láràárọ̀, ó ti mọ́ òun lẹ́nu. Ó ní èyí tó bá já kó máa lọ, kí òun má tún rí ìdí tí òun á fi rán yín níṣẹ́ mọ́." Ó wá béèrè, "Ìyàwó wa, báwo ló ṣe fò?"

Mo ní, "Ó fò dáadáa. Ó kù díẹ̀ kó sọdá. Ìbá ṣe òun ló jù ú ni, ì bá sọdá." Mo pa fóònù.

Mo jókòó láàárín omi. Mo ń sunkún, n kò fi ọwọ́ bo ojú. Ẹ̀gbọ́n ń pè mí láti orí pákó, ó ń bi mí pé kí ni Godspower sọ. Díráífà ti lọ, kò sọdá, kò sí ijó tí mo lè jó mọ́, kò sì sí ohun kankan lọ́wọ́ mi tí mo lè fi ṣáájú ọ̀rọ̀ mi. Mo kàn sọ ọ́ bẹ́ẹ̀.

"Ẹ̀gbọ́n, ó pè mí lọ́jọ́ yẹn. Ìsìmáílà pè mí kí n lọ mú ìdérí, mo kọ̀. Mo pariwo mọ́ ọn. Mo ní kó lọ mú un fúnra rẹ̀. Èmi ló yẹ kó wà lórí omi."

Ọwọ́ rẹ̀ tó fi ń pè mí wà lókè fún ìgbà díẹ̀. Ó wá gbé e sọ̀ kalẹ̀. Ó yíjú kúrò lọ́dọ̀ mi, ó di òpó agbọ̀n yẹn mú, ó kọ ẹ̀yìn sí mi. N kò mọ bó ṣe pẹ́ tó. Ọkọ̀ kan kọjá, àwọn tó wà nínú rẹ̀ kí wa kú orí ire pé opó ti parí.

Nígbà tí ó yíjú padà, kò wo ojú mi.

"Wá gbé mi," ó ní. "Oòrùn ti ń mú."

Mo wa ọkọ̀ lọ gbé e. Ó jókòó sí iwájú ọkọ̀, ó kọjú sí ilé, ẹ̀yìn rẹ̀ nìkan ni mò ń wò. Kò sọ pé òun dárí jì mí, n kò sì bẹ̀ ẹ́. A kọjá lórí ibi tí àwo náà rì sí, a kọjá láàárín odò, ibi tí ìdérí máa ń já sí. Ọkọ mi ti fẹ́ kí n sinmi. Ó ti ra ìsinmi náà fún mi, ó ń lọ dúró dè é ní èbúté, mo ń fi í ṣẹ̀sín. Oṣù méjì péré ló kù kí àwo náà dé. Àárọ̀ kan ṣoṣo ni mo kọ̀ láti lọ, kò sì bínú, ó ní kò burú.